Hefsiba Méjì Lọ́jọ́ Ìparí Sáà

Aṣọ ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ ìyá ilé tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kingston. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìparí sáà? Ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lásán? Adassa, tí o bá lọ, ẹni tó bá dúró sípò rẹ máa dúró pẹ́ o."

Mo lọ ọrùn ẹ̀wù náà tán, mo fi kọ́, mo sì lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ìyá mi ló ń tọ́ ọ ní Patience Gap, lórí òkè, nígbà tí mo ń fọ aṣọ àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Pudin ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí pé nígbà tí wọ́n bí i ó rí róbótó, ó sì ń dán bíi pudin ọ̀dùnkún tí ìyá mi máa ń sè, iná lórí ìdérí, iná lábẹ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún un ni Marcelline Joy. Lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan ni mo ti gbọ́ Marcelline, nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè, mo sì rò ó pé ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fọ aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Joy, tí í ṣe ayọ̀, èmi ni mo fi kún un, nítorí pé ayọ̀ wọ́n lọ́dún yẹn.

N kò mọ̀wé nígbà náà. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì alẹ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Gílóòbù kan ló ń tàn fún gbogbo wa, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn, inú òjìji orí ẹlòmíràn ló ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, nítorí pé mo gbọ́dọ̀ fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́ tán kí n tó kúrò nílé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ láìwo ti tíchà ni Marcelline Joy Parchment. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ sára gbogbo ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sílé, sára páálí bàtà, sára àpò ìrẹsì. Àmọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí pásítọ̀ da omi sí ọmọ náà lórí, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ìyá mi wá ránṣẹ́ pé Pudin ló gba ipò kìíní nínú Ìwé Mímọ́, àti pé orúkọ gidi ni wọn yóò fi pè é jáde níwájú gbogbo ìjọ, mo mọ̀ pé n kò lè jókòó sí Kingston.

Ẹ̀gbọ́n mi Zephaniah, tí gbogbo ayé ń pè ní Zeff, ló wá pàdé mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀. Ó mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ dání kí ó lè bá mi ru ẹrù. Hefsiba ni orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Ó ti dàgbà ju gbogbo ọmọ ilé-ìwé lọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Patience Gap, nítorí pé ó máa ń dáhùn. Tí o bá ti pe Hefsiba, ibi yòówù tí ó wà, yóò ké.

"Dasa! Kingston ti gbẹ́ ẹ bí igi ìṣáná!"

"Búọ̀dá mi, ẹ kúulé. Ṣé eyín kan tó kù yẹn ò tíì rí ìyàwó fẹ́?"

"Ó ń wá ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè."

Mo sọ fún un pé òní ni wọn yóò pe Marcelline ní orúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó tún okùn ẹrù so, ó tú u, ó tún un so.

"Ó rẹ̀ ọ́ o. Ò bá sinmi nílé. Ìnàró pọ̀ nídìí nǹkan yẹn."

"Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ìnàró wá, Búọ̀dá mi. Adìẹ ẹnì kan jókòó nínú bọ́ọ̀sì, èmi dúró."

Ó bọ́ síwájú, ó fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi kí n sọ nípa Tíchà Nembhard kí ẹ tó lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíchà Euphie, tó ti darí ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Moravian wa láti ìgbà ìyá mi, fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Àjíǹde. Orúkọ àdápè ni obìnrin yẹn fi kọ gbogbo ọmọ sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé: Pudin, Tata, Bami, Àgbàlagbà. Tíchà Nembhard tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wá láti Mandeville. Wọ́n ní ó máa ń so táì kí ó tó lọ sí ṣáláńgá. Lọ́sẹ̀ tó dé, ó ní àdápè ti tán, pé orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí nìkan ni ilé-ìwé òun yóò mọ̀. Ó ní kí àwọn òbí kó ìwé ìbí wá. Ìyá mi tí kò mọ̀wé fi tiwa ránṣẹ́ nínú agolo bisikíìtì, ní kíká gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láti ọjọ́ tí Zeff ti gbà á bọ̀. Míìsì Legister, tó ń kọ́ kíláàsì Pudin, fi pẹ́ńsù kọ àdápè ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìwé rẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣìnà. Nígbà tí Tíchà Nembhard ti to orúkọ àwọn tó gbẹ̀bùn tán, ó mú rọ́bà, ó pa gbogbo àdápè náà rẹ́. Ó ní ìdẹwò ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti yá gbohùngbohùn lọ́wọ́ Duke tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù fún aláríyá, wọ́n sì so ìwo rẹ̀ sórí igi máńgòrò lóde nítorí àwọn tí kò rí àyè wọlé. Ìdí igi máńgòrò yẹn ni Zeff so Hefsiba mọ́. Mo jókòó láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ mi. Aṣọ funfun tí mo fi ránṣẹ́ sí i ló wọ̀. Ó ti kéré díẹ̀ lábíyá.

"Màámi, tí wọ́n bá pè mí, kí n sáré àbí kí n rìn?"

"Rìn. Jẹ́ kí n rí ọ dáadáa."

Tíchà Nembhard gun orí pèpéle, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú makirofóònù, ó sì ka òfin ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe àdápè nínú ilé Ọlọ́run. Ọmọ tí wọ́n bá pe àdápè rẹ̀ pàdánù ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nàka sí ọmọ kankan. Orúkọ gbọ́dọ̀ dáhùn fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, ẹ̀bùn rẹ̀ di ti ẹnì kejì.

Ìròyìn ìparí sáà ló kọ́kọ́ kà. Ó ní Rosamund Theodora Powell ló gbin iṣu tó tóbi jù nínú oko ilé-ìwé. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé Baptist nà wá nínú kríkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bọ́ọ̀lù já sínú ìkòkò ọbẹ̀, alásè sì ní òun kò ní ṣí ìkòkò títí ẹran yóò fi rọ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ lọ wo odò ní Black River, Lancelot Emmanuel Salmon ju búrẹ́dì rẹ̀ sí ọ̀nì, ó sì ju bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ń wo ara wọn. Obìnrin tó jókòó níwájú mi mi orí.

"Àwọn kan ò kọ́mọ o," ló wí. "Tèmi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò."

Tirẹ̀ ni Lancelot. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ ọmọ náà lórúkọ, obìnrin náà kò sì fìgbà kan gba orúkọ yẹn sétí. Tata ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, òun náà ń mi orí.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹ̀bùn eré sísá.

"Ferdinand Augustus Ebanks!"

Gbogbo wa la mọ̀ pé Bami ló fi gbogbo ọmọ ilé-ìwé sẹ́yìn. Bami fúnra rẹ̀ ń na ọrùn kiri, ó ń wá ẹni orí ire tí wọ́n ń pè. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, ìyá bàbá Bami, Míìsì Birdie, dìde láàárín àwọn opó.

"Tíchà, ẹ ní ta?"

"Ferdinand Augustus Ebanks, Màmá."

"Ọkọ mi nìyẹn. Ó ti kú."

"Òun ló gba ipò kìíní nínú eré sísá, Màmá."

"Mi ò bá yín jiyàn. Ó mọ eré í sá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá kúrò nílé mi kí ọlọ́jọ́ tó dé."

Ó gun pèpéle lọ gba ife náà. Ó ní orí sàréè ni òun yóò gbé e sí kí ó lè mọ̀ pé wọn kò gbàgbé òun. Tíchà Nembhard wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo obìnrin náà, ó ní, "Orúkọ ti dáhùn." Bami ló pàtẹ́wọ́ jù.

Mo gbá ọwọ́ Pudin mú.

"Ẹ̀bùn Ìwé Mímọ́," ni Tíchà wí. "Hefsiba Parchment!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn èwe, àwọn àgbà, àwọn akọrin pàápàá.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Zeff!"

"Abájọ tí kì í fi í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday! Bíbélì ló ń kà!"

"Ọjọ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò ó pé àṣìṣe ni. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti dé fìlà, ó sì ti fà á bo ojú.

"Búọ̀dá mi, ẹ ṣí fìlà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà."

"Otútù ń mú mi."

"Nínú oṣù keje?"

Ó tún fa fìlà náà wálẹ̀ sí i.

"Búọ̀dá mi, orúkọ wo lẹ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ?"

Abẹ́ fìlà ló ti fèsì. "Dasa, ìwọ náà rò ó wò. Ẹnu lo fi rán mi. O ò fún mi ní ìwé."

"N kò mọ̀wé nígbà yẹn!"

"Ẹ̀n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ń pè é bọ̀ lójú ọ̀nà, Marcelline, Marcelline, bí ẹni ń korin. Òjò wá dé. Mo dé ibi ìṣàn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní òun ò ní í kọjá. Mo ń pariwo, Hefsiba, dìde! Hefsiba, gbé ẹsẹ̀! Hefsiba, má pa mí! Nígbà tá a máa fi gun òkè odò, orúkọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi. Akọ̀wé ń wò mí, bírò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ ò bá padà wálé!"

"Ìṣàn yẹn ńkọ́? Kó tún kọ̀ fún mi ní àbọ̀?"

Páálí bàtà, àpò ìrẹsì, gbogbo alẹ́ tí mo fi kọ̀wé nínú òjìji orí ẹlòmíràn, ẹni tí ìjọba kò mọ̀ rí ni mo ń kọ ọ́ sí.

"Hefsiba Parchment!" Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọmọ tó gba ipò kìíní. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló yíjú sí wa. Míìsì Legister tí kò gbọdọ̀ nàka yọ ẹnu sí ọ̀dọ̀ Pudin, ó yọ ọ́ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè.

"Míìsì Legister," ni Tíchà wí, "ẹ dá ẹnu yín padà sáyè rẹ̀."

Pásítọ̀ dìde. Ó ti darúgbó, ó di ọ̀pá mú. "Tíchà, ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, èmi ni mo da omi sí i lórí. Marcelline Joy ni mo pè é. Ta ló da omi sórí Hefsiba?"

"Òjò ni, Pásítọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí lábẹ́ fìlà.

"Pásítọ̀," ni Tíchà Nembhard wí, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe, "omi yín, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà. Ìwé ìbí, ọ̀dọ̀ ìjọba ló wà. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo lè pè." Ojú rẹ̀ kò le bí mo ti rò. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ó ń bẹ̀ wá ni.

Pudin fa aṣọ mi. "Màámi, tí mo bá dìde, mo purọ́ nìyẹn. Orúkọ mi ni èyí tó wà lára páálí."

"Hefsiba Parchment!"

Inú ìwo tó wà lórí igi máńgòrò ni orúkọ náà ti jáde, tààrà sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Koríko ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè é nísinsìnyí. Ó ké. Ó ké bí ìlẹ̀kùn irin tó ti dógùn-ún. A gbọ́ tí okùn já, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sá sọ́tùn-ún sósì, Hefsiba sì gba àárín ìjókòó wọlé, ní pẹ̀lẹ́, bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ó dúró níwájú pèpéle, ó wo Tíchà, ó wo òdòdó bébà tó wà lórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wa ń dúró de ohun tí Tíchà yóò wí. Bíbélì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo ẹranko, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí pàkúté tó dẹ mú lẹ́sẹ̀.

"Orúkọ ti dáhùn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ.

"Tíchà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni!" ni pásítọ̀ wí.

"Pásítọ̀, òkú ti gba tirẹ̀."

Mo dìde. Orúkọ mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi. Tí mo bá pe Pudin, ọmọ mi pàdánù. Tí mo bá pe Marcelline, kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan láyé. Èyí tó kù ni èyí tí n kò fẹ́. Mo gbé e mì, mo tún pọ̀ ọ́ jáde.

"Hefsiba Parchment," ni mo wí. "Dìde."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yí etí sí mi. Ọmọ mi di bẹ́ǹṣì mú.

"Màámi, orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni."

"Tìẹ ni. Búọ̀dá Zeff ló gbé e wá fún ẹ. Ìyá rẹ ló ní kó o dìde, irọ́ kọ́."

Ó wò mí. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ó ti máa ń mì nígbà tó bá ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Tíchà, èmi ni Hefsiba. Èyí tó dúró níwájú yín yẹn, Hefsiba lòun náà, àmọ́ kò mọ ẹsẹ kankan lórí."

Tíchà Nembhard mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olódodo ni ọkùnrin yẹn, òdodo rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

"Méjì ló dáhùn," ni ó wí. "Ẹ̀bùn Ìwé Mímọ́ ni. Ó tọ́ kí a bi àwọn méjèèjì." Ó yíjú sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dáhùn. "Hefsiba Parchment, níbo ni orúkọ yìí ti wá nínú Ìwé Mímọ́, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ó dúró dè é. Ní òótọ́, ó dúró dè é. Ó fún un láyè láti ronú gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ má sọ fún un o!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Hefsiba ń jẹ òdòdó bébà lọ.

"Kò mọ̀ ọ́n," ni Tíchà wí. "Ẹnì kejì."

Pudin kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìyá ọba Manase ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, Tíchà. Wòlíì Aísáyà náà sì dárúkọ rẹ̀. Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní ìlú tí a kọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́run ní wọn ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Hefsiba ni kí wọ́n máa pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé…" Ó dákẹ́. Ó rọra yíjú sí mi. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú mi dùn sí i. Màámi, Joy náà ni."

N kò rántí ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo rántí pé mo jókòó, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣí fìlà.

"Ṣé o rí i, Dasa? Mo jíṣẹ́ rẹ. Ọ̀nà mìíràn ni mo kàn gbà."

"Búọ̀dá mi, ẹ pa ẹnu yín mọ́."

"Mo ti pa á mọ́."

"Tíchà," ni mo wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Ó pè é, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é, a sì gbọ́ ọ lóde láti orí igi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ké. Ọmọ mi kọjá lára rẹ̀ lọ gba Bíbélì. Ó rìn. Kò sáré.

Nígbà tí mo padà dé Kingston, aṣọ iṣẹ́ ẹlòmíràn ló wà lórí ìṣó mi. Mo kó ẹrù mi sínú páálí, mo jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì títí oòrùn fi wọ̀, nítorí pé wọn kò tíì san owó iṣẹ́ mi. Ìdílé mìíràn gbà mí kí òjò oṣù kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹrù àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀, mo kọ Hefsiba sára rẹ̀. Ọwọ́ mi kò tètè mọ lẹ́tà náà.

Pudin ni wọ́n ṣì ń pè é nílé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kò dára kí orúkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ṣòfò, ó sì ti fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Marcelline. Gbogbo òwúrọ̀ ni ìyá mi ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé, Marcelline, Marcelline, bí ẹni ń korin. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tíì dá a lóhùn.